Bí ilé-iṣẹ́ akáńtáǹtì kékeré ṣe lè fi ìrànwọ́ ìjọba mú iṣẹ́ yá

Ìròyìn pé ìjọba ti ṣí owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké máa ń sáré gba ọ̀pọ̀ akáńtáǹtì lọ́kàn. Wọ́n á gbọ́ ọ lónìí, wọ́n á pe ẹni tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà lọ́la. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, wọ́n á ti ní ètò tuntun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, iṣẹ́ á sì wà níbi tó wà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀, ẹ tún ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe é ṣe, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wo èyí tí ìjọba lè bá yín san nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ ni mo ní lọ́kàn, níbi tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣì ń yẹ fáìlì wò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.

1. Ẹ wá ibi tí wákàtí ń gbà jò

Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan ọ̀gá, máa kọ ohun tí wọ́n fi àkókò wọn ṣe sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú ewé Excel kan ti tó. Ẹ má ṣe pín iṣẹ́ náà sí ogún ọ̀nà, torí kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́. Ẹ pín in sí mẹ́fà: lílé ìwé lọ́dọ̀ oníbàárà, títẹ nọ́ńbà wọlé, fífi ìwé owó wé sítétìmẹ́ǹtì báǹkì, yíyẹ iṣẹ́ wò àti títún un ṣe, iṣẹ́ owó orí, àti bíbá oníbàárà jíròrò lórí òwò rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa fi ohun tí wọ́n bá kọ mú wọn. Bí wọ́n bá fura pé ńṣe lọ̀gá ń ṣọ́ wọn, irọ́ ló máa kún inú ìwé náà.

Ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ sábà máa ń ya ọ̀gá lẹ́nu. Ó ti rò pé iṣẹ́ owó orí ló ń jẹ àkókò, kó tó wá rí i pé lílé ìwé àti títẹ nọ́ńbà ni. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní oníbàárà 40, tó sì jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń lò lóṣù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti tẹ ohun tó wà nínú rìsíìtì àti sítétìmẹ́ǹtì wọlé. Wákàtí 120 nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣe wákàtí 160 lóṣù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin oṣù rẹ̀ ti lọ sórí iṣẹ́ tí kò sí oníbàárà kankan tó máa dúpẹ́ lé e lórí.

Nọ́ńbà méjì míì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú. Èkíní ni iye ọjọ́ tó ń kọjá láti ìparí oṣù títí di ìgbà tí ìwé oníbàárà bá parí. Èkejì ni iye ìgbà tí fáìlì kan ń padà sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Iye owó tó ń wọlé lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan náà dára láti mọ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó yí padà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn á ti fi òótọ́ hàn yín láàárín oṣù díẹ̀, ẹ sì máa nílò wọn tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ìrànwọ́.

2. Ẹ tún ọ̀nà iṣẹ́ ṣe kí ẹ tó náwó

Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí ìwé oníbàárà kan ṣe ń wọlé: rìsíìtì mẹ́fà lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ajé, méjì nínú wọn ṣókùnkùn, sítétìmẹ́ǹtì báǹkì nínú email lọ́jọ́bọ̀, àmọ́ ojú ewé kẹta kò sí níbẹ̀, ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n ti pè é nígbà mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ yín ti ṣí fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó sì ti pa á dé lẹ́ẹ̀márùn-ún. Gbogbo ìgbà tó bá tún ṣí i ló ń kọ́kọ́ wá ibi tó bá iṣẹ́ dé. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó máa wo ìyẹn sàn bí òfin ò bá sí.

Òfin náà ò le. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìwé máa gbà wọlé, yálà fódà orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí àdírẹ́sì email kan. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbèdéke lóṣù. Ẹ kì í bẹ̀rẹ̀ fáìlì tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé. Oníbàárà tó bá pẹ́ á bọ́ sẹ́yìn ìlà, tó bá sì fẹ́ kí wọ́n ṣe tiẹ̀ kíákíá, á san àfikún. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí tọ̀tún tòsì ń fọwọ́ sí, ẹ má fi mọ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn kan máa bínú. Ẹnì kan tàbí méjì lè kó ẹrù wọn lọ, àwọn tó ń jẹ wákàtí jù tí owó wọn sì kéré jù ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Lójú tèmi, ẹ má dá wọn dúró.

Lẹ́yìn náà, kí àtẹ orúkọ àkáǹtì jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo oníbàárà tí òwò wọn bá jọra. Bí owó epo ọkọ̀ bá ń jẹ́ “Ìrìnnà” nínú ìwé ẹnì kan, tó ń jẹ́ “Ọkọ̀” nínú ti ẹlòmíì, tó tún wà lábẹ́ “Oríṣiríṣi” nínú ti ẹnì kẹta, kò sí òṣìṣẹ́ tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lọ fún ìsinmi láìdààmú. Àtẹ ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò lópin oṣù náà, ọ̀kan ṣoṣo ni kó jẹ́.

Ẹ ṣe báyìí fún oṣù méjì, kí ẹ tún wákàtí yín kà. Ohun tó bá ṣì ń jẹ àkókò lẹ́yìn èyí ni ẹ máa wá ìrànwọ́ sí.

3. Ẹ mọ irú ìrànwọ́ tó wà

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, àmọ́ wọ́n jọ ara wọn ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Èyí tí ojú mọ̀ jù ni pé kí ìjọba bá yín san lára owó ètò kọ̀ǹpútà. Ní Singapore, Productivity Solutions Grant, tí wọ́n ń pè ní PSG, máa ń san tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àwọn ètò tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, ètò ìṣirò owó sì wà lára wọn. Ní Ireland, àwọn Local Enterprise Office ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Grow Digital Voucher, ìdajì owó náà tí kò ní ju €5,000 lọ.

Èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni owó ẹ̀kọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjìlá tí wọ́n ń pè ní Help to Grow: Management, £750 ló sì kù fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti san. Àwọn orílẹ̀-èdè míì máa ń gba owó lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kí wọ́n tó dá apá kan rẹ̀ padà fún ẹni tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́. Bí Industrial Training Fund ti Nàìjíríà ṣe ń ṣe nìyẹn: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dún, tí ilé-iṣẹ́ sì lè gba tó ìdajì rẹ̀ padà bó bá tẹ̀ lé ìlànà. HRD Corp ti Malaysia náà ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, òun náà sì ń fi í sanwó ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin akáńtáǹtì lẹ máa ń bá oníbàárà ṣírò owó yìí, tí ẹ sì máa ń bá wọn san án. Ìgbà wo lẹ gba ti ilé-iṣẹ́ tiyín padà kẹ́yìn?

Ìrànwọ́ tún wà fún gbígba olùdámọ̀ràn, àti ẹ̀dínwó owó orí lórí ẹ̀rọ. Ti ẹ̀dínwó owó orí, mi ò ní kọ́ yín níyẹn.

Oríṣi kan wà tí kò mú owó dání, òun ló sì ṣeé ṣe kó ṣe yín láǹfààní jù, ìyẹn òfin tó ń sọ ọ́ di dandan fún oníṣòwò láti máa tọ́jú ìwé owó rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Making Tax Digital nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VAT ní April 2019, ó kan gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT ní April 2022. Láti April 2026, ó kan àwọn tó ń dá òwò ṣe àti onílé tó ń gba owó ilé, bí owó tó ń wọlé fún wọn bá ju £50,000 lọ. Lọ́dún 2027, gbèdéke náà á wálẹ̀ sí £30,000. Singapore ti dá InvoiceNow sílẹ̀ láti 2019, tí ínfọ́ìsì ń gbà kúrò nínú kọ̀ǹpútà ẹni tó ń tà bọ́ sínú ti ẹni tó ń rà láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀. Oníbàárà tó ti kọ ọ̀nà tuntun fún yín láti ọdún mélòó kan kò lè kọ̀ ọ́ fún ìjọba. Ìgbà tírú òfin bẹ́ẹ̀ bá jáde ló yẹ kí ẹ bá a sọ̀rọ̀.

4. Ẹ ka òfin ìrànwọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn nìyí, torí náà ẹ fara balẹ̀ níbí.

Ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ má sì fọwọ́ sí àdéhùn kankan pẹ̀lú ẹni tó ń tà á kí ìdáhùn tó dé. Nínú ètò PSG, ẹni tó bá ti sanwó tàbí tó ti fọwọ́ sí àdéhùn kó tó fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ ti yọ ara rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè míì ló ní irú òfin yìí. Ẹni tó ń ta ètò lè sọ fún yín pé àsansílẹ̀ díẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan. Á ṣe.

Owó náà sábà máa ń dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti san gbogbo rẹ̀ tán. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ ní odidi owó náà lọ́wọ́, kí ẹ sì lè dúró fún oṣù mélòó kan láìjẹ́ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ dúró. Ẹ wo ti ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ náà dáadáa: Help to Grow: Management fẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 sí 249, torí náà ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré kò lè wọlé. PSG ń béèrè pé kí ìdá 30 ó kéré tán nínú ìpín ilé-iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Singapore tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé níbẹ̀.

Àwọn òfin yìí kì í dúró sójú kan. Ìdá 80 ni PSG ń san lọ́dún 2020 nígbà àrùn Kòrónà, ó sì ti wálẹ̀ sí 50 láti April 2023. Help to Grow: Digital, tó ń dín owó ètò ìṣirò owó kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní January 2022, wọ́n sì tì í pa ní February 2023. Ojú òpó iléeṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ka òfin, kì í ṣe ìwé ìpolówó ẹni tó ń tajà.

Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun á fi kún iye tó wà nínú ínfọ́ìsì kí ìpín tiyín lè di òfìfo, tàbí pé òun á dá owó padà fún yín lábẹ́lẹ̀, jìbìtì ló ń pè yín sí. Oníṣòwò míì lè san ìtanràn kó sì máa bá òwò rẹ̀ lọ. Akáńtáǹtì tó bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ìjọba kò ní san nǹkan kan

Ká pe owó ètò náà lọ́dún kan ní 100. Ìjọba san 50 lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, 100 padà sọ́rùn yín, ọdún kẹta náà bẹ́ẹ̀. Nínú 300 tó jẹ́ owó ọdún mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́fà péré ni ìjọba bá yín gbé, a ò sì tíì ka wákàtí tẹ́ ẹ máa fi kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé àti èyí tẹ́ ẹ máa fi kọ́ òṣìṣẹ́.

Lápá kejì, ẹ ṣọ́ra nípa iye tẹ́ ẹ máa pe wákàtí tẹ́ ẹ bá rí gbà padà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà fún wákàtí kan ṣe ìṣirò yìí. Ìyẹn ò tọ́, àfi tí ẹni tó máa ra wákàtí náà bá ti wà nílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, tí ẹ dín wákàtí 30 kù lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹ kò sì fún un níṣẹ́ míì, kò tíì mú èrè kankan wọlé. Bí ìṣirò náà ò bá jẹ́ kí ẹ rà á ní iye rẹ̀ gan-an, ẹ fi í sílẹ̀.

6. Ẹ kọ ìbéèrè tí ẹni tó ń kà á lè díwọ̀n

“A fẹ́ fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé mú ilé-iṣẹ́ wa gbòòrò” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka ìwé ìbéèrè. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Lọ́wọ́lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ méjì ń lo wákàtí 120 lóṣù láti tẹ àkọsílẹ̀ oníbàárà 40 wọlé, ìwé oṣù sì ń parí ní ọjọ́ 24 lẹ́yìn tí oṣù bá parí. Láàárín oṣù mẹ́fà, a fẹ́ kí wákàtí náà di 50, kí ọjọ́ náà sì di 12.” Ẹ má pa ìlérí tó ju agbára yín lọ o, torí wọ́n lè padà wá bi yín.

Kí orúkọ yín tó wà lórí ìwé iye owó tí ẹni tó ń ta ètò náà kọ fún yín bá èyí tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín mu láìyọ lẹ́tà kan. Kí owó orí tiyín náà wà déédéé. Ìwé owó akáńtáǹtì gan-an ló sábà máa ń gbẹ̀yìn nínú gbogbo èyí tó ń ṣe lọ́dún, mo sì gbà pé ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

7. Ẹ gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbèdéke owó orí bá ń sún mọ́lé. Ẹ mú oníbàárà márùn-ún tí ìwé wọn mọ́, kí ẹ fi ọ̀nà tuntun àti ti àtijọ́ ṣe iṣẹ́ wọn pọ̀ fún oṣù kan, kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn méjèèjì bára mu. Kí òṣìṣẹ́ kan di ẹni tí gbogbo ìbéèrè ń lọ bá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni kó jẹ́, kì í ṣe ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí.

Ibi tí àṣìṣe máa ń fara pa mọ́ sí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ká ní ètò náà so mọ́ báǹkì oníbàárà, ó gbé ìlà 300 wọlé, ó dá 240 mọ̀, ó sì fúnra rẹ̀ kọ wọ́n sí àkáǹtì wọn. Gbogbo èèyàn á dojú kọ 60 tó kù. Inú 240 yẹn gan-an ni ìjàǹbá wà: ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fi owó ránṣẹ́ sára rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀ jọ ti ẹnì kan tó máa ń ta ọjà fún un, ètò náà sì kọ ọ́ sí ìnáwó òwò. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò torí àmì tó ń fi hàn pé ó ti parí wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó dàgbà níṣẹ́ ni òfin ìdámọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn èyí tó ń sọ àkáǹtì tí ètò náà máa kọ ìlà kan sí, gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Lóṣooṣù, ẹ to ìlà náà láti orí owó tó pọ̀ jù, ẹ wo mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ wo gbogbo owó tó bá jẹ́ odidi bíi 100,000, kí ẹ sì wá orúkọ ọ̀gá náà àti ti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀.

Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tiẹ̀, kí wọ́n sì tan ìdánilójú onípele méjì, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwọlé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ bi ẹni tó ń tà á bí ẹ ṣe máa kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín jáde bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fún yín ní ìdáhùn tó ṣe tààrà, ẹ má rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

8. Ẹ gba owó padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ

Láti àkáǹtì báǹkì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ ti sanwó, kì í ṣe láti àpò ọ̀gá. Ẹ tọ́jú ínfọ́ìsì, ẹ̀rí ìsanwó àti ẹ̀rí pé ẹ ń lo ètò náà, sínú fódà kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nínú ìwé owó tiyín, IAS 20, ìyẹn ìlànà ìṣirò àgbáyé lórí owó ìrànwọ́ ìjọba, ní kí ẹ má kọ owó ìrànwọ́ sílẹ̀ àfi tó bá dájú dé ìwọ̀n tó yẹ pé ẹ máa mú àwọn májẹ̀mú rẹ̀ ṣẹ àti pé owó náà máa dé. Bó bá jẹ́ lórí dúkìá ni, ẹ lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí owó tí ẹ ò tíì kà sí èrè, tàbí kí ẹ yọ ọ́ lára iye dúkìá náà. Ẹ ka òfin tó sọ bí ìjọba ṣe lè gbà á padà, torí àwọn kan ní kí ẹ lo ohun tẹ́ ẹ rà fún àkókò kan pàtó.

9. Ẹ fún wákàtí tó ṣẹ́ kù níṣẹ́

Bó bá jẹ́ wákàtí ni ẹ fi ń gba owó, bí iṣẹ́ ṣe ń yá ni owó tó ń wọlé ń dín kù. Ẹ yí i sí iye kan pàtó lóṣù, fún iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ kedere. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkókò tó ṣẹ́ kù bá oníbàárà wo bí owó ṣe máa wọlé àti bó ṣe máa jáde ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Ó máa ń sanwó fún ìyẹn tayọ̀tayọ̀.

Iṣẹ́ míì tí wákàtí náà lè ṣe ni kí ẹ ran oníbàárà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ láti gba irú ìrànwọ́ tí ẹ̀yin gbà. Bí ó bá ń fi ètò tó dára kọ ínfọ́ìsì àti owó oṣù rẹ̀, iṣẹ́ yín lórí rẹ̀ á dín kù láìsí pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Àmọ́ bí ẹni tó ń ta ètò náà bá ń fún yín ní owó ọ̀nà lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá mú wá, ẹ kọ iye rẹ̀ sínú lẹ́tà sí oníbàárà náà kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ sì fi orúkọ ètò méjì míì sínú lẹ́tà yẹn tó lè rà dípò rẹ̀.